Ojú ewé ń ṣe eérú, àmì dúdú ń tún ara rẹ̀ tẹ̀, lẹ́tà ń bá ọwọ́ lọ: toner ni àbí drum?

Ojúgéètì | Ọjọ́bọ̀, 7:40 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Iwájú géètì ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ìbàdàn ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, mo ń tẹ̀wé, mo sì ń dì í. Àsìkò project la wà yìí, gbogbo ọmọ ń rọ́ wá lẹ́ẹ̀kan náà, àsìkò yìí gan-an ni àìsàn sì mú printer mi.

Laser kékeré ni, dúdú nìkan ló ń tẹ̀. Irú èyí tí drum (ọ̀pá róbótó tó ń gbé lẹ́tà sórí ìwé) àti toner (ìyẹ̀fun dúdú tó ń di lẹ́tà) jọ wà nínú cartridge kan náà ni, àpótí kékeré tí à ń ki bọ inú printer. Ó ti pé ọdún mẹ́ta lọ́wọ́ mi. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn toner tán, mo ra toner inú ike, wọ́n sì bá mi rọ ọ́. Láti ìgbà náà ni ojú ewé ti dà bíi pé èèyàn fọ́n eérú sí i, ibi tó yẹ kó funfun kò funfun mọ́. Àmì dúdú kan tó ọmọ ìrẹsì wà ní apá ọ̀tún, ó ń tẹ̀ léra wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìlà tín-ín-rín kan tún wà ní apá òsì. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀rọ̀ mìíràn tún dé: bí mo bá fi àtàǹpàkò ra ìwé, lẹ́tà á bá ọwọ́ lọ.

Ẹni tó ń bá mi tún un ṣe ní kí n ra cartridge tuntun àti fuser tuntun, ìyẹn ibi tó ń fi ooru lẹ lẹ́tà mọ́ ìwé. Owó náà ju èrè oṣù méjì mi lọ. Ọmọ kan wà tí project rẹ̀ jẹ́ ojú ewé 94. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti tẹ̀ ẹ́, mi ò gbowó ẹlẹ́ẹ̀kejì, síbẹ̀ kò ṣeé gbé fún olùkọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn kò jẹ́ kí n sùn.

Ọmọ_Ẹ̀rọ | Ọjọ́bọ̀, 8:05 àárọ̀

Àǹtí, ẹ kú ìrọ́jú. Toner tí ẹ rà yẹn ni. Ṣé orúkọ cartridge yín wà lára ike rẹ̀? Bí kò bá sí, ẹ da gbogbo rẹ̀ nù, ẹ ra èyí tó bá a mu. Ti lẹ́tà tó ń bá ọwọ́ lọ, film inú fuser, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń gbé ooru kan ìwé, ló ti ya. Ìyẹn, ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀ ni.

Atẹ̀wé_Ṣómólú | Ọjọ́bọ̀, 8:52 àárọ̀

Àbúrò mi Ọmọ_Ẹ̀rọ, o ṣeun. O lè jàre lórí toner yẹn. Ṣùgbọ́n jẹ́ ká rọra. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń tún printer ṣe ní Ṣómólú, mo sì ti rí ẹni tó ra cartridge mẹ́ta nítorí ohun tí aṣọ gbígbẹ lè nù kúrò. Ìyá wa yìí ka àìsàn mẹ́rin, ẹ má jẹ́ ká fi egbòogi kan ṣoṣo wò ó.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìrìn tí ìwé ń rìn. Rólà kékeré kan máa ń pín iná sí ara drum yíká lọ́gbọọgba. Laser á wá tàn sí ibi tí lẹ́tà máa wà, iná á kúrò níbẹ̀. Rólà toner á gbé ìyẹ̀fun wá, ìyẹ̀fun á lẹ̀ mọ́ ibi tí laser tàn sí nìkan. Rólà tó wà lábẹ́ ìwé á fa ìyẹ̀fun kúrò lára drum bọ́ sórí ìwé. Fuser á fi ooru yọ́ ọ mọ́ ìwé. Ọ̀bẹ rọ́bà á nu èyí tó kù lára drum sínú àpò àlòkù, iṣẹ́ á tún bẹ̀rẹ̀. Ibi tí àbùkù ti wọlé lójú ọ̀nà yìí la ń wá.

Ẹ ṣe nǹkan méjì fún mi. Ẹ mú rúlà, ẹ wọn láti àárín àmì dúdú kan dé àárín èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹ má fojú díwọ̀n o, mìlímítà ni mo fẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ ojú ewé kan tí ọ̀rọ̀ kún, bí ìwé bá ti wọlé dé ìdajì, ẹ ṣí ìlẹ̀kùn printer kó dúró. Ẹ yọ cartridge, ẹ wo ìwé tó há síbẹ̀ níbi tí kò tíì dé fuser. Kí ẹ sì rọra gbé ìbòrí drum, kí ẹ wò ó bóyá eérú yẹn ti wà lára drum fúnra rẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan fuser, ooru rẹ̀ lè tó 200°C.

Ojúgéètì | Ọjọ́bọ̀, 11:20 àárọ̀

Bàbá, mo dúpẹ́. Mo wọn ojú ewé mẹ́ta: 75 mìlímítà ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ojú ewé kan ní àmì mẹ́ta, méjì ní mẹ́rin.

Mo dá ìwé dúró láàárín bí ẹ ṣe wí. Eérú ti wà lórí ìwé kó tó dé fuser. Ó sì wà lára drum, ó tò lára rẹ̀ bí eruku ọ̀nà Mọ́níyà lára aṣọ. Mo gbé cartridge lọ síbi fèrèsé kí n lè rí i dáadáa. Drum náà ń dán, ó ní àwọ̀ ewé, mo sì rí ojú kékeré kan lápá ọ̀tún bíi pé ẹnìkan fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ ta á. Ibẹ̀ ni àmì yẹn ti ń wá, àbí?

Ọmọ_Ẹ̀rọ | Ọjọ́bọ̀, 11:24 àárọ̀

Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè gbé e kúrò níbi fèrèsé! Oòrùn ń ba drum jẹ́. Ẹ fi aṣọ dúdú wé e tàbí kí ẹ dá a padà sínú printer kíá.

Atẹ̀wé_Ṣómólú | Ọjọ́bọ̀, 12:10 ọ̀sán

Òótọ́ ló sọ. Bí kò bá ju ìṣẹ́jú kan sí méjì lọ, ẹ má bẹ̀rù, ẹ fi í sínú òkùnkùn kó sinmi di ọ̀la. Ẹ má sì fi ọwọ́ lásán kan ojú drum, òróró ara èèyàn máa ń fi ojú sí i lára.

75 yẹn ti dá yín lóhùn. Drum ló ni àmì dúdú. Kò sí toner tuntun tó lè wo ojú tí abẹ́rẹ́ ta sàn.

Tíṣà_Kẹ́mísírì | Ọjọ́bọ̀, 12:45 ọ̀sán

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìṣirò tí bàbá fò, torí yóò wúlò fún ẹlòmíràn. Drum inú ọ̀pọ̀ cartridge kékeré, 24 mìlímítà ni ìbú rẹ̀ láti etí kan dé ekejì. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 3.14, ẹ máa rí 75.4. Bí drum bá yí lẹ́ẹ̀kan, ojú abẹ́rẹ́ yẹn tún kan ìwé lẹ́ẹ̀kan. Ìwé A4 gùn tó 297 mìlímítà, ìdí nìyẹn tí àmì fi ń jẹ́ mẹ́ta nígbà mìíràn, mẹ́rin nígbà mìíràn. Bí wọ́n bá wọn 94, drum oní-30 mìlímítà nìyẹn. Bí ó bá kéré púpọ̀ sí i, ọ̀kan nínú àwọn rólà kéékèèké ni ká fura sí. Rúlà kò ju owó péréte lọ, ó sì ń sọ òótọ́ ju ẹnu oníṣẹ́ lọ.

Lórí eérú: toner kì í ṣe yíǹkì rárá. Ike tí wọ́n lọ̀ kúnná ni, pẹ̀lú ohun dúdú tó dà bí èédú inú fìtílà, wọ́n sì máa ń po ìyẹ̀fun irin mọ́ ọn nínú irú èyí tí rólà òòfà ń gbé. Iná tí kì í ṣàn, irú èyí tó ń ta pàrà lára aṣọ nígbà ọyẹ́, òun ló ń darí rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá 1938, ní Astoria, ní New York, Chester Carlson àti olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ Otto Kornei fi áńkáṣíìfù ra páànù zinc tí wọ́n fi imí ọjọ́ bò, wọ́n gbé gíláàsì tí wọ́n kọ nǹkan sí lé e, wọ́n tan iná sí i, wọ́n sì fọ́n ìyẹ̀fun lé e lórí. Ìyẹ̀fun dúró síbi tí iná ara páànù kù sí, ọ̀rọ̀ hàn: «10.-22.-38 ASTORIA.» Ohun tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù Àǹtí lónìí, ọmọ ọmọ ìyẹn ni.

Tí toner kò bá wá gba iná bí ó ṣe yẹ, yóò máa lẹ̀ mọ́ ibi tí wọn kò pè é sí. Eérú nìyẹn. Bí ẹ bá po toner cartridge kan mọ́ ti òmíràn, ó lè ṣẹlẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì dára lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ooru tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń yọ́ sí náà kì í ṣe ọgba.

Akọ̀wé_Àgbà | Ọjọ́bọ̀, 1:30 ọ̀sán

Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Printer Brother la ń lò ní ọ́fíìsì wa, drum rẹ̀ wà lọ́tọ̀, toner wà lọ́tọ̀. Ìlà dúdú kan tó fẹ̀ bí ìka ń lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀ lórí gbogbo ìwé. Ṣé drum náà nìyẹn?

Atẹ̀wé_Ṣómólú | Ọjọ́bọ̀, 1:48 ọ̀sán

Ọ̀gá, ẹ yọ drum, ẹ wo òkè rẹ̀. Ohun kékeré aláwọ̀ ewé kan wà tó ń rìn lọ rìn bọ̀. Okùn irin tín-ín-rín ló ń nù. Ẹ tì í lọ sápá kan, kí ẹ fà á padà, bí ìgbà mẹ́wàá. Kí ẹ wá rí i pé ó padà sí ojú ibi tí àmì ọfà wà. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ láàárín, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń fa ìlà dúdú yẹn.

Bí ìlà bá funfun, ibòmíràn la máa wò: ìdọ̀tí ti bo gíláàsì tí laser ń gbà kọjá.

Akọ̀wé_Àgbà | Ọjọ́bọ̀, 2:15 ọ̀sán

Àárín gan-an ló wà! Ẹni tó nù ún gbẹ̀yìn ló fi í síbẹ̀. Ìwé ti mọ́. Ọlọ́run á san án fún yín, bàbá.

Oníná_Ìjẹ̀bú | Ọjọ́bọ̀, 3:00 ọ̀sán

Mi ò mọ̀ nípa toner, iná ni iṣẹ́ mi. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ìyá wa ní ọ̀sẹ̀ méjì ni eérú ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọwọ́ lọ. Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun? Kí ni ẹ fi ń tan printer?

Ojúgéètì | Ọjọ́bọ̀, 3:35 ọ̀sán

Háà. Alẹ́ ọjọ́ Ajé ni transformer àdúgbò wa jó. Láti ìgbà náà, jẹnẹrétọ̀ kékeré ni, I-better-pass-my-neighbour.

Oníná_Ìjẹ̀bú | Ọjọ́bọ̀, 3:50 ọ̀sán

Ẹ má tíì ra fuser kankan. Jẹnẹrétọ̀ yẹn, nǹkan bí 650 watt ni agbára rẹ̀. Fuser laser lè fa 800 watt tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tó bá ń gbóná. Ẹ ní kí ẹnìkan fi tester wọn iná ní ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì nígbà tí printer ń tẹ̀wé gan-an, kì í ṣe nígbà tó jókòó. Nítorí irú fífà yìí náà ni àwọn tó ń ṣe printer fi ń sọ pé ká má ki laser bọ UPS, àpótí bátìrì tó ń gba iná dúró.

Ọmọ_Ẹ̀rọ | Ọjọ́bọ̀, 4:02 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀gbọ́n, bí iná bá relẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣé printer kò ní pariwo error ni? Mo ṣì rò pé film ló ya.

Atẹ̀wé_Ṣómólú | Ọjọ́bọ̀, 4:30 ìrọ̀lẹ́

Òmíràn á pariwo, òmíràn á kàn máa tẹ̀ ẹ́ tútù. Bí film bá ya, ibi tó ya nìkan ni lẹ́tà kì í ti í lẹ̀, ó sì máa ń fi àmì rẹ̀ sílẹ̀ ní ibi kan náà lórí gbogbo ìwé. Ìyá wa, ṣé gbogbo ojú ewé ló ń ra kúrò, àbí apá kan?

Ojúgéètì | Ẹtì, 10:10 àárọ̀

Gbogbo rẹ̀ ni, bàbá, láti etí dé etí.

Oníná àdúgbò wa wá. 228 volt ló wà nígbà tí printer jókòó. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, ó já sí 171, gílóòbù ṣọ́ọ̀bù sì ṣe bàìbàì lójú gbogbo wa. Mo bẹ aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó jẹ́ kí n fa wáyà láti ara jẹnẹrétọ̀ ńlá rẹ̀. Lẹ́tà lẹ̀! Mo fi àtàǹpàkò ra á, mo tún fi èékánná ha á, kò kúrò.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ dé bí ogún ojú ewé, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ra díẹ̀díẹ̀. Kò le bíi ti àná, ṣùgbọ́n ó ń ra. Iná ṣì dára.

Atẹ̀wé_Ṣómólú | Ẹtì, 10:40 àárọ̀

Níbo ni ẹ ń kó rímù ìwé yín sí? Ṣé ẹ rí èéfín funfun tó ń jáde níbi tí ìwé ti ń bọ́ síta?

Ojúgéètì | Ẹtì, 10:55 àárọ̀

Mo rí i, mo rò pé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Orí sìmẹ́ńtì ni mo tò wọ́n sí, lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Òjò sì ti ń rọ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Atẹ̀wé_Ṣómólú | Ẹtì, 11:15 àárọ̀

Omi inú ìwé lèéfín yẹn. Ìwé tó rin máa ń kó ooru fuser gbẹ ara rẹ̀ kó tó ku èyí tí toner máa fi yọ́. Ẹ gbé gbogbo rímù kúrò nílẹ̀ sórí pákó. Èyí tí ẹ bá ń lò, ẹ má tú u síta tán, inú náílọ́ọ̀nù rẹ̀ ni kó wà, ìwọ̀nba tí ẹ máa tẹ̀ ni kí ẹ fi sínú printer. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ yọ ìwé kúrò nínú printer lálẹ́. Ẹ lọ sínú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú, níbi tí wọ́n ti ń yan irú ìwé. Bí ó bá wà lórí Light (ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́), fuser kò ní gbóná tó. Plain (ìwé lásán) ni kó wà.

Fuser yín kò ní nǹkan kan.

Ojúgéètì | Ẹtì, 12:30 ọ̀sán

Light ló wà! Mi ò mọ ẹni tó yí i. Mo ti yí i sí Plain, mo sì já rímù tuntun tí wọ́n gbé wá lánàá. Ojú ewé 40 ni mo ti tẹ̀, ọ̀kan kò ra. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ra fuser o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti ní kí wọ́n bá mi ka owó rẹ̀ sílẹ̀.

Ó wá ku eérú, àmì àti ìlà. Ẹni tó máa tú cartridge ń bọ̀ lọ́la. Kí ni kí n ní kó ṣe?

Atẹ̀wé_Ṣómólú | Ẹtì, 1:20 ọ̀sán

Drum nìkan ni kí ẹ rà, kì í ṣe odindi cartridge, àti toner tí nọ́ńbà cartridge yín wà lára rẹ̀. Kó da toner tó wà nínú rẹ̀ nù pátápátá, kó má rọ tuntun lé e. Kó tú àpò àlòkù, mo fẹ́ gbọ́ bó ṣe kún tó. Kó fi aṣọ gbígbẹ tí kò ní òwú nu rólà tó ń pín iná. Bí ìdọ̀tí bá wà lára rẹ̀, eérú kò ní lọ bí ẹ tilẹ̀ ra toner ọba. Kó tó fi drum tuntun sí i, kó fi ìyẹ̀fun pa á lára yíká. Bí drum bá gbẹ, ọ̀bẹ rọ́bà á há mọ́ ọn, á dún kíììn, á sì yí pa dà.

Kó wo ọ̀bẹ rọ́bà yẹn dáadáa ní apá òsì, ojú ibi tí ìlà wà gan-an. Èyí ṣe pàtàkì.

Tíṣà_Kẹ́mísírì | Ẹtì, 1:45 ọ̀sán

Ẹ jọ̀ọ́, kí gbogbo yín lo ìbòmú, kí ọmọdé má sí nítòsí. Ìyẹ̀fun yẹn kúnná ju ohun tí ojú lè rí lọ. Bó bá dà sára aṣọ, omi tútù ni, ẹ má fi omi gbígbóná kàn án, á yọ́ mọ́ aṣọ bíi ti fuser. Ẹ má sì fi vacuum ilé fà á, á gba inú rẹ̀ kọjá padà sínú afẹ́fẹ́, ó sì lè ṣáná. Aṣọ tó tutù díẹ̀ ni kí ẹ fi nu ilẹ̀. Àlòkù, ẹ dì í sínú náílọ́ọ̀nù, kí ẹ so ẹnu rẹ̀ le, ẹ má sun ún.

Ojúgéètì | Àbámẹ́ta, 5:05 ìrọ̀lẹ́

A ti tú u. Àpò àlòkù kún débi pé ó ń tú síta létí. Rólà tó ń pín iná dọ̀tí bí ọwọ́ mẹkáníìkì. A nù ún, ó mọ́. Drum tuntun, toner tuntun. Eérú ti lọ, àmì ti lọ. Funfun ìwé padà di funfun.

Ṣùgbọ́n ìlà òsì kò lọ tán. Ó ti tín-ín-rín sí i, ó dà bí ìlà pẹ́ńsù, mo ṣì ń rí i.

Atẹ̀wé_Ṣómólú | Àbámẹ́ta, 5:30 ìrọ̀lẹ́

Ṣé ó wo ọ̀bẹ rọ́bà?

Ojúgéètì | Àbámẹ́ta, 5:33 ìrọ̀lẹ́

Ó ní òun wò ó.

Ọmọ_Ẹ̀rọ | Àbámẹ́ta, 5:50 ìrọ̀lẹ́

Àǹtí, kó tún un wò pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kó fi ìwé funfun sẹ́yìn rẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Ìgbà tí ìwé bá há tí a sì fipá fà á, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan máa ń kù sí etí ọ̀bẹ náà. Ojú lásán kì í rí i.

Ojúgéètì | Àìkú, 4:20 ìrọ̀lẹ́

Ọmọ_Ẹ̀rọ, Ọlọ́run á fún ọ lọ́mọ tó máa mọ iṣẹ́ ju ìwọ lọ. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ìwé ni lóòótọ́, kò tó èékánná ọmọ tuntun, ó ti di dúdú, ó há sábẹ́ etí rọ́bà ní apá òsì. A fi ẹyọ ọwọ̀ ìgbálẹ̀ kan ṣoṣo yọ ọ́. Ìlà ti lọ.

Mo tẹ ojú ewé 94 náà láàárọ̀ yìí láti orí jẹnẹrétọ̀ aránṣọ, mo san owó epo fún un. Ọmọ náà dé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Kó tó kà á, ó kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò ra ojú ewé àkọ́kọ́, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó tún ra á. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Atẹ̀wé_Ṣómólú | Àìkú, 6:00 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú oríire. Ẹ mú máàkà, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ fi drum yìí sí i sára cartridge. Ìgbà tí ẹ bá tún rọ toner, ẹ ní kí wọ́n tú àpò àlòkù níwájú yín.